Ẹ̀rọ Espresso Ilé Tó Ń Gbóná Jù: Ìbéèrè Tó Ń Tún Ara Wọn Ṣe ní Abẹ́òkúta, àti Ìdáhùn Wọn

Gbogbo ara ẹ̀rọ mi ló ń gbóná. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Rárá o. Omi tó ń lọ sórí kọfí gbọ́dọ̀ wà láàárín nǹkan bí 90°C sí 96°C, ẹ̀rọ tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn ò lè tutù lára. Orí rẹ̀ tí a ń to ife sí á gbóná, irin ìdìmú kọfí, èyí tí a ń rọ kọfí lílọ̀ sí, á gbóná débi tí ọwọ́ ò ní lè pẹ́ lára rẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ níbi tí ìdìmú ń há sí á gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ̀rọ tí ìdìmú rẹ̀ bá tutù, kọfí kíkan ló máa ń fúnni.

Ohun tí kò yẹ ni òórùn rọ́bà tó ń jó, èéfín dúdú, ike ara ẹ̀rọ tó ń rọ̀ tàbí tó ń pọ́n, àti wáyà tó gbóná lọ́wọ́. Tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ yọ ọ́ lára iná ná, kí ẹ tó máa ka ìyókù.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé omi rẹ̀ ti gbóná ju ohun tí kọfí fẹ́ lọ?

Ẹ yọ ìdìmú kọfí kúrò, ẹ tẹ bọ́tìnnì omi, kí ẹ máa wo ẹnu ẹ̀rọ. Omi tó bá ń ṣàn jẹ́ẹ́jẹ́ kò ní wàhálà. Èyí tó bá ń ta pàrà, tó ń sín, tí èéfín omi ń bá a tú jáde, ó ṣì kọjá 100°C nígbà tó fi dé ẹnu ẹ̀rọ. Bó ṣe ń bọ́ sí gbangba ló ń hó. Ìlú wa ò ga bíi Jọ́ọ̀sì, nǹkan bí 100°C náà ni omi ti ń hó níbí, nítorí náà àmì yìí ò lè tàn yín jẹ.

Ẹ má fi ìkorò nìkan dájọ́. Kọfí tí wọ́n yan dúdú kirikiri, tàbí èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná jù, á korò bí omi rẹ̀ bá tilẹ̀ wà ní 92°C. Ẹni tó bá ní tẹmọ́mítà ìdáná lè da omi gbígbóná sínú ife kan kí ife náà kọ́kọ́ móoru, kó dà á nù, kó wá gba omi ẹnu ẹ̀rọ sínú rẹ̀ kó sì wọ̀n ọ́n. Iye tó máa rí á fi díẹ̀ dín sí bí omi ṣe gbóná gan-an.

Ṣé kì í ṣe ooru Abẹ́òkúta yìí ló ń fà á?

Ooru inú ilé nìkan ò tó ba ẹ̀rọ tó dára jẹ́. Yálà ilé ìdáná wà ní 25°C tàbí 36°C, kékeré ni lójú bọ́ílà, ìkòkò inú ẹ̀rọ tí omi ti ń gbóná, tó ń lọ sí 100°C. Àwọn tí ooru ń pa lára ni pọ́ǹpù àti pátákó iná tó wà nínú àpótí ẹ̀rọ, pàápàá ní oṣù Èrèlé àti Ẹrẹ́nà, tí páànù orí ilé ti ń ta ooru sílẹ̀ láti aago mẹ́wàá àárọ̀, tí a wá gbé ẹ̀rọ há àárín ògiri àti sítóòfù gáàsì.

Ẹ fi àlàfo bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ má gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ má sì bò ó nígbà tó bá ṣì gbóná. Mo mọ̀ pé àdìrẹ Ìtòkú lẹ́wà lórí nǹkan, ṣùgbọ́n ihò tí ooru ń gbà jáde ni ẹ ń dí yẹn.

Bí mo bá fọ́n mílíìkì tán, kọfí tó tẹ̀ lé e máa ń jóná. Kí ló dé?

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù, ìdáhùn rẹ̀ ló sì rọrùn jù. Bọ́ílà kan ṣoṣo ló wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé, iṣẹ́ méjì ló sì ń ṣe. Fún kọfí, nǹkan bí 100°C tàbí ká lé díẹ̀ ló máa wà nínú bọ́ílà, ooru á sì dín kí omi tó dé orí kọfí. Fún èéfín omi tí a fi ń fọ́n mílíìkì, ó ní láti gòkè lọ sí 125°C, òmíràn dé 145°C. Tí ẹ bá fọ́n mílíìkì tán tí ẹ tẹ kọfí lójú ẹsẹ̀, omi tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ lẹ ń dà sórí rẹ̀.

Ẹ pa bọ́tìnnì èéfín omi. Ẹ gbé ife ńlá sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ láìfi ìdìmú sí i, kí ẹ jẹ́ kí omi máa jáde títí yóò fi dẹ́kun sísín. Nígbà náà ni kí ẹ wá pọn kọfí. Omi tútù tó ń wọlé láti táǹkì ló ń mú bọ́ílà wálẹ̀, ó sì tún ń dí ipò omi tó ti di èéfín lọ, kí irin tó ń mú omi gbóná má baà jó lórí òfìfo. Ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà yìí, kó pọn kọfí ṣáájú, kó fọ́n mílíìkì lẹ́yìn.

Ní ti iná ara bọ́tìnnì tó ń ṣẹ́jú ṣẹ́jú lẹ́yìn mílíìkì, ẹ̀rọ ń sọ fún yín pé òun gbóná jù fún kọfí ni. Títẹ̀ ẹ́ léraléra ò ní kó yá. Kọfí tó ń jóná nítorí èéfín omi kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: èéfín omi ni àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ítálì fi ń ti omi gba inú kọfí, ìyẹn kó tó di pé ẹ̀rọ Gaggia tó ń fi sípíríìngì ti omi jáde sọ́jà ní 1948.

Ṣé mo lè da omi yìnyín sí táǹkì kó tètè tutù?

Ẹ má ṣe é. Omi táǹkì lásán ti tó. Irin tó gbóná tí otútù ya bá lójijì lè sán níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀, rọ́bà tó wà lẹ́nu rẹ̀ á sì máa ṣán.

Pọ́ǹpù ń kùn, ẹ̀rọ ń gbóná, omi ò jáde. Kí ni mo máa ṣe?

Ẹ pa á kíákíá. Irin tó ń mú omi gbóná, tó wá ń ṣiṣẹ́ nínú bọ́ílà tí kò lómi, lè jóná láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ẹ wò ó bóyá táǹkì ti gbẹ, bóyá kò jókòó dáadáa lórí ihò rẹ̀, bóyá ọ̀rá kékeré kan tàbí páálí ló dí ẹnu ihò náà. Mo ti bá lébẹ́ẹ̀lì táǹkì tó ṣí kúrò níbi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́nu ihò rí.

Tí táǹkì bá kún, a jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló há sínú pọ́ǹpù, tàbí kí èéfín omi tó wà nínú bọ́ílà máa ti omi padà. Ẹ jẹ́ kí ó tutù, ẹ ṣí páìpù tí ń fọ́n èéfín omi sílẹ̀, kí ẹ wá tẹ omi títí tí omi gidi fi máa gba ẹnu páìpù náà jáde.

Pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ ní ohun kékeré kan lára tó máa ń pa á tó bá ti gbóná jù. Òun ló dé tí ẹ̀rọ á fi dákẹ́ lẹ́yìn ife mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ẹ pọn fún àlejò, tó tún jí lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí. Kò bàjẹ́. Pọ́ǹpù ẹ̀rọ ilé ò ṣe fún iṣẹ́ ìdúró gbọn-in bí ti ilé kọfí. Ìgbà tó yẹ kó sinmi wà ní kíkọ sára ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ó máa ń kú fúnra rẹ̀ lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, bí n kò tilẹ̀ lò ó. Ṣé ooru ló ń pa á?

Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ọjà Yúróòpù, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Láti 2015 ni òfin wọn ti sọ pé kí ẹ̀rọ kọfí ilé máa pa ara rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni ò bá lò ó, kí iná má baà ṣòfò. Èyí tó bá ń kú nígbà tí ẹ ń lò ó lọ́wọ́ nìkan ló yẹ kó kọ yín lóminú.

Irú omi wo ni kí n máa lò?

Níbí lọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta ti yàtọ̀. Inú àpáta ni wọ́n ń gbẹ́ bọhóòlù wa gbà, omi tó bá sì ti pẹ́ lára àpáta á ti kó èròjà rẹ̀ dání. Omi ilé kan ní Àdìgbẹ lè mú ọṣẹ hó dáadáa, kí ti ilé kejì rẹ̀ má mú un hó rárá. Nítorí náà ẹ má béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò. Ẹ wo ìdí kẹ́tùlù yín: bí èépá funfun bá ti dì síbẹ̀, irú rẹ̀ kan náà ló ń dì sínú bọ́ílà.

Èépá yẹn ló ń sọ ẹ̀rọ di agbóná. Ó ń bo irin tó ń mú omi gbóná, ooru ò wá rí ọ̀nà bọ́ sínú omi, irin náà á máa gbóná sí i. Ó tún ń bo ibi tí thermostat ti ń mọ̀ bí omi ṣe gbóná tó, ìyẹn á pẹ́ kó tó mọ̀, á sì pẹ́ kó tó já iná. Ìgbà tó bá fi máa já a, omi ti kọjá ibi tó yẹ.

Omi inú ọ̀rá tàbí omi inú ike tí kò ní èròjà púpọ̀ dára ju omi bọhóòlù tó kún fún un lọ. Àmọ́ ẹ má lo omi bátìrì tí àwọn oníbátìrì ń tà. Wọn ò ṣe é fún mímu, àti pé àwọn ẹ̀rọ kan wà tí ọ̀pá irin inú bọ́ílà wọn ń fi iná tó ń gba inú omi kọjá mọ̀ pé omi ti kún. Omi tí kò ní èròjà kankan kì í gbé iná. Ẹ̀rọ á rò pé bọ́ílà ṣófo, á sì máa fa omi sí i láìdúró.

Báwo ni mo ṣe máa fọ èépá náà kúrò?

Oògùn tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ yín bá dárúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Tí kò bá sí, citric acid onílẹ́bú tí àwọn tó ń ta èlò kéèkì ń tà lè ṣe é: bí ṣíbí ìjẹun kan sí méjì nínú lítà omi kan, kó yòrò tán pátápátá. Ẹ da á sí táǹkì, ẹ jẹ́ kí díẹ̀ gba ẹnu ẹ̀rọ jáde, kí díẹ̀ gba páìpù èéfín omi jáde, ẹ pa ẹ̀rọ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ tún jẹ́ kí ìyókù jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi mímọ́ táǹkì méjì ó kéré tán ṣan án, títí kíkan náà fi máa kúrò lẹ́nu.

Bí bọ́ílà yín bá jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, ẹ jẹ́ kí omi citric acid náà fúyẹ́, ẹ má sì jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú rẹ̀, torí ásíìdì ń jẹ irin náà. Fínígà ń mú rọ́bà gbó, òórùn rẹ̀ ò sì tètè lọ. Ọṣẹ ìfọṣọ tó ń mú nǹkan funfun, ìyẹn bílíìṣì, kò gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀rọ yìí láé; bó bá pàdé ásíìdì, afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára wọn ń pa ènìyàn lára.

Ẹ̀rọ tí wọn ò fọ̀ rí láti ọdún pípẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í jò lẹ́yìn tí ẹ bá fọ̀ ọ́. Èépá ló ti ń dí ojú rọ́bà tó gbó. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà náà.

Ẹ̀gbọ́n mi fi tiẹ̀ ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Ṣé mo lè kì í bọ iná?

Ẹ yí i padà, ẹ ka ohun tó wà nídìí rẹ̀ ná. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120 fólítì, tiwa 230. Agbára irin tó ń mú omi gbóná ò kàn ń di ìlọ́po méjì tí fólítì bá di ìlọ́po méjì, ó ń gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀rọ 1,300 wáàtì tí ẹ kì bọ 230 tààrà máa fẹ́ fa nǹkan bí 4,800 wáàtì. Fíùsì rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ lọ tí orí yín bá bá yín ṣe é.

Ẹ ra tiransifọ́mà tó ń sọ 230 di 110 tàbí 120, kí agbára rẹ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ dáadáa; fún 1,300 wáàtì, 2,000 ló yẹ. Ẹ má gbọ́ ti kékeré tí wọ́n máa ní ó tó.

Ohun kan tún wà tí tiransifọ́mà ò lè yí padà. Iná Amẹ́ríkà ń mì ní 60 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tiwa 50. Pọ́ǹpù tí wọ́n ṣe fún 60 á ṣiṣẹ́ níbí, ṣùgbọ́n á lọ́ra, ara rẹ̀ á sì gbóná ju bó ṣe ń gbóná lọ́hùn-ún lọ. Lójú tèmi, ẹni tí kò tíì rà á, kó ní kí wọ́n ra ti ìlú Ọba ránṣẹ́: 230 ni, 50 ni, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sì bá sọ́kẹ́ẹ̀tì wa mu.

Iná NẸ́PÀ tó ń lọ sókè sódò ńkọ́? Jẹnẹrétọ̀ àti inverter?

Tí iná bá gun 260, irin tó ń mú omi gbóná á fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin lágbára sí i ju ti 230 lọ. Thermostat ṣì máa já a, àmọ́ ooru á ti fò kọjá ibi tó yẹ kó dúró. Tí iná bá wálẹ̀ dé 180, ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún agbára rẹ̀ ló kù: á pẹ́ kó tó gbóná, pọ́ǹpù ò sì ní lágbára tó. Stabilizer tó lè gbé iye wáàtì ẹ̀rọ náà dára púpọ̀. Èyí tí ẹ fi ń wo tẹlifíṣọ̀n ò lè gbé e.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I pass my neighbour" ò lè gbé e, ẹ má fi dán an wò. Inverter tí iná rẹ̀ kì í ṣe pure sine wave, ìyẹn iná tó ń lọ sókè sódò jẹ́ẹ́jẹ́ bí ti NẸ́PÀ, máa ń jẹ́ kí pọ́ǹpù kùn gan-an kó sì gbóná. Tí iná bá lọ lójijì nígbà tí ẹ ń fọ́n mílíìkì, ẹ pa súìṣì ẹ̀rọ, kí iná tó bá dé má baà bá bọ́ílà tí omi rẹ̀ ti dín.

Púlọ́ọ̀gì ló ń gbóná jù, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti yọ̀ ni, tàbí extension tí wáyà rẹ̀ tín-ín-rín. Ẹ ki púlọ́ọ̀gì náà tààrà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri oní-13 amp tó dí mọ́ra dáadáa. Ohun tí ẹ fi ń so púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì ti Yúróòpù mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa tún léwu ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní wáyà ilẹ̀ (earth). Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná gé e, kó fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sí i.

Fíùsì inú ẹ̀rọ mi jó. Oníṣẹ́ iná ní òun á so ó dírẹ́ẹ̀tì. Ṣé kí n gbà?

Ẹ má gbà. Kódà bó bá ní òun ti ń ṣe é láti ọjọ́ yìí wá tí kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Fíùsì tó wà lára bọ́ílà yẹn, ooru ló ń já a, kì í ṣe iná tó pọ̀ jù. Òun ni olùṣọ́ tó kẹ́yìn. Tí thermostat bá kọ̀ láti já, òun ló máa gé iná kí bọ́ílà tó di nǹkan míì. Bí ẹ bá fi wáyà rọ́pò rẹ̀, ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, inú gbogbo yín á dùn. Ọjọ́ tí thermostat bá wá lẹ̀ mọ́ra, kò sí ohun tó máa dá a dúró mọ́: bọ́ílà á gbẹ, ike á yọ́, wáyà á gbiná, inú ilé ìdáná tí sílíńdà gáàsì wà.

Fíùsì náà ò wọ́n. Iye ooru tó ń já a wà lára rẹ̀ ní dígírì, iye kan náà ni kí ẹ rà. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ wáyà láìfi nǹkan dì í mú kí ooru má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ náà ló ti máa já. Kí ẹ sì tó fi tuntun sí i, ẹ wá ohun tó já ti àkọ́kọ́, torí fíùsì kì í dédé já.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá thermostat ló kú?

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, kì í ṣe kí ẹ kàn pa súìṣì. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tutù tán. Ẹ yọ wáyà thermostat, kí ẹ fi mítà oníṣẹ́ iná, tí ẹ yí sí ibi tó ń ké bí iná bá lè kọjá, kàn án. Bó bá tutù, mítà gbọ́dọ̀ ké. Ti kọfí àti ti èéfín omi, bákan náà ni. Ooru ló máa ń ṣí wọn. Ẹ wá mú un gbóná díẹ̀díẹ̀ kọjá nọ́ńbà ara rẹ̀. Bí mítà bá ṣì ń ké, ó ti lẹ̀ mọ́ra, òun ni ọ̀daràn.

Ẹ̀rọ tuntun tó ń fi nọ́ńbà hàn ò lo irú èyí, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru àti relay, súìṣì tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń tan, ló ní. Relay tó bá ti kú sípò títan ò ní gbọ́ràn sí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lẹ́nu mọ́: nọ́ńbà á kọjá ibi tí ẹ yàn, á sì máa gòkè lọ. Tí wáyà sẹ́ńsọ̀ bá já, àwọn ẹ̀rọ kan á rò pé bọ́ílà tutù bíi yìnyín, wọ́n á máa mú un gbóná.

A ti pààrọ̀ thermostat, ó ṣì ń gbóná jù.

Ẹ wo nọ́ńbà wọn kọ́kọ́. Méjì ni wọ́n, wọ́n jọra bí ìbejì, ó sì rọrùn kí oníṣẹ́ fi ti èéfín omi sí ojú ti kọfí. Bí èyí tó wà ní ojú kọfí bá ní 145 lára, ọ̀rọ̀ ti parí.

Tí nọ́ńbà bá tọ̀nà, ẹ wo bó ṣe fara mọ́ bọ́ílà. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín wọn, bó ti wù kó kéré, ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó mọ ooru. Òróró funfun tí àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń fi sábẹ́ chip ni kí ẹ fi díẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, súìṣì èéfín omi. Ó máa ń lẹ̀ sípò títan nínú, nígbà tí ọwọ́ ìta ti wà ní pípa, ẹ̀rọ á wá máa rò pé mílíìkì lẹ fẹ́ fọ́n láti àárọ̀ dalẹ́. Mítà á fi hàn yín.

Ẹ̀rọ mi tóbi, ó lè fọ́n mílíìkì kó sì pọn kọfí lẹ́ẹ̀kan náà. Ife àkọ́kọ́ ló máa ń jóná, èkejì dára.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí páìpù omi kọfí rẹ̀ gba inú bọ́ílà èéfín omi kọjá. Omi tó dúró sínú páìpù yẹn láti bí ìdajì wákàtí ti gbóná ju ti kọfí lọ, òun sì ni ife àkọ́kọ́ ń gbà. Ẹ jẹ́ kí omi jáde títí sísín á fi dáwọ́ dúró, kí ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kún un, kí ẹ wá pọn. Tí omi tó ń dà nù bá pọ̀ jù lójú yín, ẹ dín agbára èéfín bọ́ílà kù díẹ̀ lára pressurestat rẹ̀, ìyẹn súìṣì tó ń ṣètò agbára èéfín. 1 bar tó fún mílíìkì ilé.

Bí ẹ̀rọ yín bá ní bọ́ílà méjì gidi, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Ẹ padà sí sẹ́ńsọ̀ àti relay.

Láti ìgbà tó ti gbóná jù lọ́jọ́ kan, ó máa ń gbé mi tí mo bá fọwọ́ kan irin rẹ̀.

Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, ẹ má sì wọ bàtà rọ́bà kí ẹ máa lò ó. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbà tó gbóná jù yẹn ni awọ irin tó ń mú omi gbóná sán, omi ti wọ inú rẹ̀, iná wá ń gba ara ẹ̀rọ jáde. Nínú ilé tó ní wáyà ilẹ̀ tó dára àti bíréékà tó ń mọ iná tó ń jò, bíréékà á ti já. Tí kò bá já, tó jẹ́ pé ara yín ni iná ń gbà kọjá, a jẹ́ pé ilé náà ò ní wáyà ilẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀: kí wọ́n pààrọ̀ irin náà, tàbí bọ́ílà lódindi bí wọ́n bá jó wọn pọ̀; kí oníṣẹ́ iná sì rì irin ilẹ̀ fún ilé, kó fi mítà wọ̀n ọ́n. Nínú àgbàlá tó jẹ́ àpáta, irin kan lè má wọlẹ̀ tó, wọ́n lè ní láti rì méjì tàbí mẹ́ta kí wọ́n so wọ́n pọ̀. Ẹ ṣe ti ilé ná, torí ẹ̀rọ ìfọṣọ àti kẹ́tùlù yín náà wà lórí iná kan náà.